Ìyá Alásè kọ́ ló ṣe é: àìsàn méjì tó wọ ilé ìkómọ kan ní Òṣogbo

Aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ìyá Alásè kan ilẹ̀kùn mi. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà. Ó fi ìborùn bo imú àti ẹnu, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí o. Wọ́n ní mo fún àwọn ní májèlé jẹ."

Ilé tó ń wí kò ju ojúlé mẹ́ta sí tèmi lọ, níbí ní Òkè-Baálẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni wọ́n ṣe ìkómọ níbẹ̀. Òun ló se ìrẹsì, òun ló se mọ́ínmọ́ín, òun náà ló din ẹran. Láti òru Ọjọ́ Àìkú ni èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti dá àwọn ará ilé dùbúlẹ̀, tí Bàbá Àgbà sì ń gbọ̀n lábẹ́ kúbùsù nínú yàrá wọn. Wọ́n ní owó rẹ̀ tó kù lọ́wọ́ àwọn, kó gbàgbé ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ilé ti ń dárúkọ ọlọ́pàá.

Mo mọ obìnrin yìí. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ níbi ìnáwó kan sí òmíràn, inú mi ò sì dà rú rí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó ti ń dáná láti ogún ọdún lè gbàgbé ẹran sínú oòrùn lọ́jọ́ kan. Mo bọ́jú, mo gbé àpò iṣẹ́ mi, mo ní kó jókòó dè mí.

Òórùn Izal ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn èèyàn nà gbalaja síbẹ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo béèrè bóyá nǹkan kan náà ló ń ṣe gbogbo wọn. Ìyàwó ilé tó ti Èkó wá ló dá mi lóhùn. Ó ní òun ti kà á lórí fóònù, pé "sítọ́máàkì flú" ni wọ́n ń pè é.

"Flú náà ló mú Bàbá. Ohun kan náà ni, Nọ́ọ̀sì. Tiwọn kàn gba òkè ni."

Tiwọn kàn gba òkè! Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rín ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́, torí orúkọ kan ṣoṣo tí wọ́n fún àìsàn méjì yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba Bàbá lọ́wọ́ wa.

Bí àdán ṣe jẹ́ ẹyẹ ni àìsàn inú yẹn ṣe jẹ́ flú. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa flú gan-an, imú, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ni ibùgbé rẹ̀. Bí ẹni tó ní in bá wúkọ́, tó sín, tàbí tó tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nítòsí wa, a lè fà á símú. Èyí tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, ìfun ló ń bá jà. Ẹnu ló ń gbà wọlé, èébì àti ìgbẹ́ ló ń bá jáde. Àwọn méjèèjì ò bára wọn tan rárá. Àwọn òyìnbó ló fún èyí kejì ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kì í kúkú ṣe pé tiwa sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ibà ni gbogbo ẹ̀. Orí ń fọ́ ọ, ibà ni. Ara ń ro ọ́, ibà ni. Bí inú bá tún wá dá sí i, a ó ní ó ti di jẹ̀funjẹ̀fun.

Mo yọ ìwé kékeré, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: kí lẹ jẹ, kí lẹ mu, aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀? Ó gbà mí títí di ọ̀sán. Mo tẹ àwọn àlejò tó ti padà sí Ẹdẹ, Ìkìrun àti Ìbàdàn láago. Èèyàn 31 ni mo rí bá sọ̀rọ̀, láìka Bàbá tí mi ò tíì dé yàrá wọn. Nínú wọn, 14 ti bì tàbí kí wọ́n ti máa ṣu omi.

Aago ló kọ́kọ́ gbèjà Ìyá Alásè. Ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n jẹun. Ẹni àkọ́kọ́ tó bì, ìdájí Ọjọ́ Àìkú ni. Àwọn tó kù, láti alẹ́ Ọjọ́ Àìkú di òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé. Oúnjẹ tí bakitéríà ti da májèlé sínú rẹ̀ kí wọ́n tó bù ú jẹ, bí ìrẹsì tó sùn mọ́jú nínú ìkòkò tàbí ẹran tí ẹni tó ní egbò lọ́wọ́ gé, kì í ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Wákàtí kan sí mẹ́fà ni ó sábà máa ń gbà á. Ká ní irú ẹ̀ ni, àwọn àlejò ìbá ti máa bì kí wọ́n tó ká àga kúrò lábẹ́ kánópì. Àwọn bakitéríà mìíràn wà tó máa ń pẹ́ ju ìyẹn lọ, torí náà mi ò tíì lè ní kí obìnrin náà máa lọ sílé lálàáfíà.

Mọ́ínmọ́ín ló kàn. Àwọn alfa mẹ́fà àti àwọn àgbà tó jókòó nínú pálọ̀, méjì-méjì ni wọ́n jẹ, pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹran tó gọntíọ. Mínírà ni wọ́n fi tì í. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dà rú nínú wọn. Ìyá Ìkókó wá ńkọ́? Kò fẹnu kan oúnjẹ Ìyá Alásè rárá. Ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ ata tí ìyá rẹ̀ sè fún un nínú yàrá ló jẹ. Òun ló bì lẹ́ẹ̀meje lóru Ọjọ́ Àìkú.

"Kí lẹ wá mu?"

"Sóbò ni. Ife méjì. Ó tutù, ó dùn."

Mo padà sórí ìwé mi. Èèyàn 17 ló mu sóbò, 13 nínú wọn ni àìsàn mú. 14 ni kò mu ún, ẹyọ kan ló bì nínú wọn. Ẹyọ kan yẹn ni Ìyá Àgbà, ìyá àwọn ọmọ. Òun náà ló kọ́kọ́ bì nílé yẹn, ìdájí Ọjọ́ Àìkú, ìyẹn sì rú mi lójú títí mo fi gbọ́ ohun tí wọ́n fi ọwọ́ fọ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì.

Ìyá Alásè kọ́ ló se sóbò. Àǹtí ni, ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìkókó, tó ti Ìbàdàn wá ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ mọ irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀: òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́, òun ló mọ ibi tí ṣíbí wà nínú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ṣàlàyé bó ṣe sè é fún mi. Ìṣápá pupa, atalẹ̀, èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ó hó kù-kù-kù fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fáírọ́ọ̀sì kan kì í yè bọ́ nínú ìyẹn.

"Lẹ́yìn tó tutù ńkọ́?"

"Mo fi aṣọ sẹ́ ẹ. Mo fọwọ́ fún aṣọ náà dáadáa, mo wá po ṣúgà mọ́ ọn, mo kó yìnyín sí i."

"Ọmọ yín ńkọ́? Ara rẹ̀ ti yá?"

"Ọmọ kẹ̀? Ṣebí mọ́tò ló dà á nínú rú. Ó bì nígbà tí a dé Ìwó, ó tún bì nígbà tí a wọ gáréèjì. Ó ṣu omi díẹ̀ lóru. Àmọ́ nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù."

Mọ́tò kì í mú ọmọ ṣu omi lóru. Mo bi í bóyá ara àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ yá. Ó ronú díẹ̀, ó ní olùkọ́ wọn ti sọ ní Ọjọ́rú pé àga òfìfo pọ̀ ní kíláàsì, pé inú ló ń da àwọn ọmọ láàmú. Ó dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Òun ló nu gbogbo èébì ọmọ náà. Omi inú kẹ́tùlù ló fi ń ṣan ọwọ́, torí ilé ìwẹ̀ lẹ́yìnkùlé ni ọṣẹ wà. Ìyá Àgbà ló fọ aṣọ ibùsùn ọmọ náà láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì. Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì yẹn ni sóbò. Inú Àǹtí fúnra rẹ̀ ń kùn láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n ta ló ráyè ìyẹn lọ́jọ́ ìkómọ?

A kò gbé ìgbẹ́ ẹnikẹ́ni lọ fún àyẹ̀wò, torí náà ìtàn àti àmì àìsàn nìkan ni mo ní lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní norovirus. Ní 1968, ó kọlu àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Norwalk, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1972 ni wọ́n tó fi ojú ẹ̀rọ rí i, inú orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n sì ti yọ orúkọ rẹ̀. Wákàtí 12 sí 48 ló máa ń fi ara pamọ́ kó tó yọjú. Yóò wá dé lójijì: inú rírun, èébì tó ń tú jáde, ìgbẹ́ omi, orí fífọ́, ara gbígbóná díẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ó ti lọ. Ìwọ̀nba tí ojú kò lè rí, tí kò tó orí abẹ́rẹ́, ti tó láti mú odindi ọkùnrin. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá ṣì lè máa yà á jáde nínú ìgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fi lè máa pín in kiri.

Wọ́n fi sánítáísà hàn mí, ìgò ńlá kan lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní gbogbo àlejò ló fi pa ọwọ́. Láti ìgbà Kòrónà la ti gbọ́kàn lé e. Ṣùgbọ́n Kòrónà àti flú ní awọ ọ̀rá lára. Ọtí líle inú sánítáísà máa ń ya awọ yẹn, fáírọ́ọ̀sì náà a sì kú. Norovirus ò ní awọ ọ̀rá. Sánítáísà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i ṣe. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ló ń bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́. Ilẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ Hypo. Mo po ife kan pọ̀ mọ́ ogún ife omi, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ nu ẹ̀gbin kúrò, kí wọ́n wá da á síbẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó nù ún. Izal tí wọ́n ń dà, òórùn lásán ni wọ́n ń rà.

Ẹnìkan sọ pé kó má jẹ́ onígbáméjì ni o. Mo ti wo ìyẹn kí n tó jókòó. Kò sí ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí omi ìrẹsì tó ń ya láìdáwọ́ dúró. Kò sì sí ẹ̀jẹ̀ nínú ti ẹnikẹ́ni.

Àgbàlagbà tó ń bì, omi ló nílò àti ìsinmi. Àwọn kan ti gbé Flagyl àti ampicillin mì. Oògùn bakitéríà nìyẹn, kò sí ohun tó fi fáírọ́ọ̀sì ṣe. Ẹni tó kó ọkàn mi sókè ni ọmọbìnrin ọdún méjì kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mìíràn. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ó ń sunkún láìsí omijé. Mo fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀, awọ náà rọra ń padà bí ẹni tí ó rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò tíì rí ìtọ̀ rẹ̀ láti òru. Wọ́n ti ń fún un ní omi ṣùgbọ́n ife ńlá ni wọ́n ń gbé sí i lẹ́nu, gbogbo ẹ̀ ló sì ń bì padà.

Mo gba káàdì àjẹsára rẹ̀ wò. Wọ́n ti kán ti rotavirus sí i lẹ́nu nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ọdún 2022 ni ìyẹn wọ inú àjẹsára ọ̀fẹ́ Nàìjíríà. Rotavirus ni ọ̀gá nínú àwọn tó ń fi ìgbẹ́ gbuuru ba ọmọ kékeré jẹ́. Ruth Bishop àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló rí i nínú ìfun àwọn ọmọdé ní Melbourne ní 1973, ó sì rí roboto bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Inú mi dùn sí káàdì yẹn, ṣùgbọ́n àjẹsára náà kì í dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ norovirus.

Ọmọ náà wọn kìlógíráàmù 11. Mo tú ORS inú ọ̀rá, ìyẹn èròjà iyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà, sínú lítà omi kan. Bí kò bá sí i nílé, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ tẹ́jú dọ́gba, nínú lítà omi mímọ́ kan, yóò ṣe é. Ìyá rẹ̀ gbé e lé ẹsẹ̀, ó ń fi ṣíbí fún un, ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú kan. Ó bì. A dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a tún bẹ̀rẹ̀. Láàárín wákàtí mẹ́rin, ó ti gba bíi mìlílítà 800. Ó tọ̀ sára ìyá rẹ̀, obìnrin náà sì pariwo ayọ̀ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo fi síńkì lé e, mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ìkókó tí wọ́n sọ lórúkọ kò ṣàìsàn rárá. Ọmú nìkan ló ń mu, mo sì ní kí ìyá rẹ̀ má dá a dúró, kó ṣáà máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó gbé e.

Mo ti pẹ́ kí n tó wọ yàrá Bàbá, mo sì ń dá ara mi lẹ́bi nítorí ìyẹn.

Ẹni ọdún 71 ni Bàbá, ìtọ̀ ṣúgà sì wà lára wọn. Inú pálọ̀ pẹ̀lú àwọn alfa ni wọ́n jókòó lọ́jọ́ ìkómọ, wọn kò mu sóbò. Wọn kò ṣu omi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n bì, lẹ́yìn tí wọ́n fi ikùn òfìfo lo oògùn.

"Bàbá, ẹ kú ìnira. Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?"

"Mo ń jókòó ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú, ara mi dá ṣáṣá. Kí n tó mọ̀, òtútù ti dé. Egungun mi ń ro mí bí ẹni tí wọ́n fi igi nà. Orí ń fọ́ mi, ẹ̀yìn ojú ń dùn mí."

Ikọ́ gbígbẹ ń já wọn lẹ́nu. Ara wọn gbóná dé 39.4. Ẹni tó sùn ní yàrá wọn lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ wọn tó ti Èkó dé, tó ti ń wúkọ́, tó ń fọn imú láti Ọjọ́bọ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà mìíràn ni tiwọn gbà wọlé. Flú máa ń gba ọjọ́ kan sí mẹ́rin kó tó yọjú, ẹni tó ní in sì ti lè máa fún ẹlòmíràn láti bí ọjọ́ kan kí ara tirẹ̀ tó gbóná. Ọ̀fìnkìn lásán máa ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Flú máa ń gbá èèyàn lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọdé lè bì nígbà tí flú bá mú wọn, ìyẹn sì tún ń dá kún ìdàrúdàpọ̀ orúkọ yìí.

Ilé oògùn kan ti gún Bàbá ní abẹ́rẹ́ ibà ní Ọjọ́ Ajé láìṣe àyẹ̀wò. Mo gún ìka wọn, mo kán ẹ̀jẹ̀ sórí pátákó àyẹ̀wò. Kò sí máléríà. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn, torí oògùn flú kan wà tó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, àti pé ọjọ́ orí wọn àti ìtọ̀ ṣúgà kò jẹ́ kí a lè fi wọ́n ṣeré. Àkọ́bí ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣebí ẹ̀yin náà rí i pé ara àwọn tó kù ti ń yá. Wọ́n máa dìde lọ́la." Ohun kan náà ni, tiwọn kàn gba òkè ni. Ó yẹ kí n jókòó síbẹ̀ kí n jà. Mo lọ sílé.

Ní Ọjọ́rú, ara Bàbá balẹ̀ díẹ̀, wọ́n mu ògì. Ní Ọjọ́bọ̀, ibà padà dé pẹ̀lú ikọ́ tó ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláwọ̀ ìpẹtà. Wọ́n ń mí ní ìgbà 34 láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há ìka wọn, ó kà 86, nígbà tó yẹ kó lé ní 94. Ètè wọn ti ń dúdú. A ò dúró wá ọkọ̀. Aládùúgbò kan ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wọn. Flú ló kọ́kọ́ bó ògiri ẹ̀dọ̀fóró, bakitéríà wá gba ibi tó ṣí sílẹ̀ wọlé. Níbẹ̀ yẹn, oògùn bakitéríà ti wúlò. Ọ́síjìn, abẹ́rẹ́, ọjọ́ méje lórí bẹ́ẹ̀dì.

Báyìí náà ni flú ọdún 1918 ṣe pa ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé: ẹ̀dọ̀fóró tó kún lẹ́yìn flú. Ojú omi ló gbà wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó sì bá ọ̀nà rélùwéè wọ àárín ìlú. Rélùwéè ti gba Òṣogbo kọjá nígbà yẹn. Irú fáírọ́ọ̀sì flú tí wọ́n ń pè ní H1N1 ni, ọmọ ìyá rẹ̀ kan tún dé ní 2009. Flú máa ń pààrọ̀ aṣọ lọ́dọọdún, ara tó dá a mọ̀ lánàá lè má dá a mọ̀ lónìí.

Lọ́jọ́ tí Bàbá dé láti ọsibítù, wọ́n pe ìpàdé ẹbí, wọ́n sì ní kí n wá sọ ohun tí mo rí. Mo sọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé mi, aago pẹ̀lú iye. Mo ní inú sóbò ló gbà wọlé, pé ọwọ́ ló gbé e débẹ̀. Mi ò sọ ọwọ́ ẹni tó jẹ́. Àkọ́bí wo ilẹ̀. Wọ́n ní àwọn á san owó Ìyá Alásè.

Àǹtí sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. "Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ mi ni, àbí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ nu èébì ọmọ nílé yìí. Àwọn tó kù ń sá fún un."

Kò dáhùn. Ó ní kí n tún ìwọ̀n Hypo sọ fún òun. Ó wá ní òun ló máa gbé owó náà lọ fúnra òun, kí n jọ̀ọ́, kí n tẹ̀lé òun.

Ìyá Alásè wà nídìí ààrò, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gba owó, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sọ ọ́ sínú àpò abẹ́ yẹ̀rì.

"Mo bi yín o, mo ní ṣé kí n se nǹkan mímu mọ́ ọn, ẹ ní ẹ máa ṣe é fúnra yín kí owó lè dín. Ta ló se sóbò yẹn?"

Àǹtí ní, "Èmi ni, mà."